Géètì Tí Ọkọ̀ Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Olóyè Àtàndá, ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí i, nítorí inú rẹ̀ kì í dùn bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀ láìkí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n kí i bó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kí òun, ilẹ̀ á ṣú mọ́ èmi àti ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà pé mo ti kí i, pé ó ti mi orí díẹ̀, pé ó sì ti ní kí n dìde. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Olóyè Àtàndá ni ọ̀gá àgbà Àjọ Ìsopọ̀ Ìlera, ìyẹn àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti so ìlera àwọn ará ìlú mọ́ ti àwọn ará abúlé. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkókómáíkò, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bátìrì ọkọ̀. Ó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà, àmọ́ kò wo ẹ̀fọ́rí sàn rí. Yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ló fún un lóyè náà, lẹ́yìn tí òun náà ti fún wọn ní nǹkan. Ó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà, nítorí pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè. Oyè ìbílẹ̀ tó jẹ pọ̀ débi pé ìlú kan wà tí kò tíì mọ̀ pé Olóyè ti joyè níbẹ̀.

Ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni ìkíni. Kò burú. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, ilé la ti kọ́ wa, ẹni tó bá sì rí àgbà tí kò dọ̀bálẹ̀, ẹ bá a wí. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ Olóyè ń nà gbalaja sórí táìsì ọ́fíìsì, láti orí ẹni tó ń gbálẹ̀ títí dé orí akántáǹtì, Olóyè á sì máa rìn gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń yẹ oko rẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá gbé orí sókè kí Olóyè tó jókòó sórí àga, gbogbo wọn á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìkíni bá fi máa parí, oúnjẹ ọ̀sán ti dé. Ẹni tó bá pè é lórí fóònù náà gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà. Táyọ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbé báàgì rẹ̀, a máa nà gbalaja ní ibùdókọ̀ Ìyánà-Ìbà, láàárín àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, á sì ya fídíò ara rẹ̀ ránṣẹ́ kí Olóyè lè gbà pé ikùn òun kan ilẹ̀.

Irú ẹni tí wọ́n gbé ìlera àwọn ènìyàn lé lọ́wọ́ nìyẹn.

Ó wá ku abúlé. Etí-Àbàtà wà lẹ́yìn Ìbà, níbi tí ilé ti ń tán tí àbàtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀ àti ewúro tí wọ́n ń jẹ ní Ìbà, ní Ọ̀jọ́, títí wọ inú Navy Town. Ẹ̀fọ́ wọn ń rí ọ̀nà jáde láràárọ̀, aláìsàn wọn ni kì í rí ọ̀nà jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ abúlé náà, àbàtà wà lọ́tùn-ún, àbàtà wà lósì, kò sì sí gọ́tà. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀nà á di odò.

Ọ̀nà yìí ló pa ọmọ tí Àyọ̀kẹ́, ọ̀kan lára àwọn obìnrin abúlé náà, kọ́kọ́ lóyún rẹ̀. Ẹ̀hìndé, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe bíríkìlà, gbé e sórí ọ̀kadà lọ́jọ́ tó ń rọbí, ọ̀kadà náà sì rì sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó rí òpin àbàtà. Ọmọ náà kú. Mi ò ní fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀, Àyọ̀kẹ́ ti tún lóyún, Nọ́ọ̀sì Rebecca tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé náà sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti sọ fún un pé ọmọ náà fi ìdí sọ́nà. Kò gbọ́dọ̀ bímọ sílé. Bí ó bá ti ń rọbí, kí wọ́n gbé e dé ọsibítù ńlá kíákíá ni.

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn kàn pé ìjọba ti fún Àjọ Ìsopọ̀ Ìlera ní ohun tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀nà Etí-Àbàtà, tí wọ́n sì máa fún abúlé ní áńbúláǹsì, Àyọ̀kẹ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ojúde Baálẹ̀, níbi tí Olóyè ti fẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé.

Olóyè gba máíkì. Ó fẹ́ ẹ, ó gbá a, ó wo ojú ọ̀run.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ìlera! Kí ni ìlera? Ìlera ni kí ara ó le! Kí sì ni kí ara ó le? Kí ara ó le, ìyẹn gan-an ni ìlera!"

"Ọgbọ́n rèé o!" Táyọ̀ ké láti ẹ̀yìn. "Ọgbọ́n ń dà sílẹ̀, ẹ fi nǹkan gbà á!"

"Láti òní lọ, ìlú àti abúlé ti di ọ̀kan ṣoṣo! Ẹsẹ̀ ìlú yóò máa wọ bàtà abúlé! Ẹ̀jẹ̀ ìlú àti ẹ̀jẹ̀ abúlé yóò máa ṣàn pọ̀ nínú gọ́tà kan náà!"

Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì Rebecca gbọ́ ẹ̀jẹ̀ àti gọ́tà pa pọ̀ ló dìde. Ó kúnlẹ̀, ó kí Olóyè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn gan-an ni. Òun ni kí ẹ bá wa kọ́kọ́ gbẹ́. Omi ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tíì kí Olóyè," ni Táyọ̀ wí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn ni."

"Ti ẹ kú ìjókòó lẹ kí yẹn. Ti ìbéèrè kù."

Nọ́ọ̀sì tún kúnlẹ̀. Olóyè fi ojú àánú wò ó.

"Ọmọ mi, ṣé gọ́tà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ilé? Ẹnu ọ̀nà ni ilé. Bí àlejò bá dé, kí ló máa kọ́kọ́ rí? Géètì la ó kọ́kọ́ kọ́ sí ojú ọ̀nà yín, géètì ńlá tí wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí lára. Ọ̀nà á wá tẹ̀lé e fúnra rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹni tí ebi ń pa kì í bá ẹni tó gbé oúnjẹ lọ́wọ́ jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ òfìfo ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀.

Ẹ̀hìndé ni wọ́n gbé iṣẹ́ géètì fún. Iṣẹ́ mìíràn kò sí nítòsí, òun náà kò sì fẹ́ lọ jìnnà sí Àyọ̀kẹ́ lákòókò yẹn. Ó gbé òpó méjèèjì dúró, ó kù kó gbé èyí tó máa dábùú wọn lókè. Kí ó tó gbé e ni áńbúláǹsì dé láti ìlú. Ó funfun, ó ga, iná pupa wà lórí rẹ̀. Ó gba àárín òpó méjèèjì kọjá, wọ́n gbé e sí iwájú ilé ìwòsàn, wọ́n fi tapọ́líìnì bò ó, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Olóyè pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò ó títí Kọmíṣọ́nà á fi wá ṣí i.

Lọ́jọ́ kejì ni Olóyè wá wo iṣẹ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan, ó nawọ́ sókè, ó ń fi han Táyọ̀ ibi tí orúkọ òun máa wà. Bẹ́ẹ̀ ni típà oníyanrìn kan gba àárín òpó méjèèjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi eruku bo agbádá Olóyè, dírẹ́bà kò sì wẹ̀yìn.

"Ó kọjá lábẹ́ orúkọ mi," Olóyè ní, ó ń gbọn eruku dànù lára agbádá. "Kò kí mi."

"Ọkọ̀ ni sà," Táyọ̀ wí.

"Ṣé ọkọ̀ ò ní ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni? Ẹ̀hìndé!"

"Sà!" Ẹ̀hìndé dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́róòẹ̀lì lọ́wọ́.

"Báwo ni ìdábùú tó o fẹ́ gbé yẹn ṣe máa ga tó?" Ẹ̀hìndé fi hàn án. "Rárá. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kó rẹlẹ̀ débi pé kò ní sí ọkọ̀ tó máa kọjá tí kò ní tẹrí ba. Ọkọ̀ kékeré á rọra, ọkọ̀ ńlá á dọ̀bálẹ̀. Èyí tí kò bá lè dọ̀bálẹ̀, kó máa lọ sí ìlú àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́."

"Áńbúláǹsì ńkọ́ sà? Ó ga o."

"Ó ga? Ta ló ń ga sí? Ṣé ó ga jù mí lọ ni?"

Ẹ̀hìndé béèrè irin tí wọ́n máa fi sínú kọnkéré. Ẹ̀yin ò mọ ibi tí irin wà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ó ti wà nínú dẹ́kì ilé tuntun tí Olóyè ń kọ́ sí Ìjànìkin, ó ti fara balẹ̀ síbẹ̀.

"Irin, irin, irin," ni Olóyè wí. "Kí ni géètì yìí fẹ́ gbé? Ṣé lọ́rì ló máa gun orí rẹ̀ ni? Orúkọ mi nìkan ló fẹ́ gbé. Fi ọparun sí i, kó o rẹ́ sìmẹ́ńtì bò ó."

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé orúkọ òun kò wúwo nìyẹn, kò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Ẹ̀hìndé gé ọparun. Ó rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i, ó kùn ún ní funfun, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ Olóyè àti gbogbo oyè rẹ̀ sórí ìdábùú náà. Lójú, o máa rò pé kọnkéré tó lè gbé afárá ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tó parí iṣẹ́, Àyọ̀kẹ́ gbé oúnjẹ fún un, kò sì jókòó tì í.

"Ọkọ mi, ọwọ́ yín náà lẹ fi kọ́ ọ."

"Bí mi ò bá kọ́ ọ, ẹlòmíì á kọ́ ọ."

"Ẹlòmíì kọ́ ló fún mi lóyún yìí o."

Oúnjẹ náà tutù síbẹ̀.

Géètì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá, ọ̀kadà ń kọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò lè kọjá. Àwọn obìnrin á já apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n á rù ú kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún dì í sínú ọkọ̀ mìíràn lódì kejì. Kí ó tó dé Òkókómáíkò, oòrùn ti sè é. Àwọn tó ń rà á níbẹ̀ ń bú ẹlẹ́fọ̀ọ́ pé ṣọkọ̀ rọ, ó sì tún wọ́n. Wọn ò mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bú. Ọkọ̀ tó ń gbé omi wá fún abúlé kò wọlé mọ́, àwọn ènìyàn padà sídìí kànga, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọdé. Ẹ rántí pé orí ẹ̀fọ́ tí ìlú ń jẹ ni wọ́n ń bu omi kànga yẹn wọ́n sí. Ìsopọ̀ ìlera nìyẹn lóòótọ́: àìsàn kan náà ló ń bọ̀ láti abúlé wá bá ìlú, kò sì sí géètì tó ní kó tẹrí ba.

Olóyè ní tirẹ̀, ó ti gbé àga wá sábẹ́ agboòrùn. Nírọ̀lẹ́, á jókòó síbẹ̀, á máa mu máòtì, á máa wo bí ọkọ̀ ṣe ń rọra tẹrí ba kọjá, á sì máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "O ṣeun, ọmọ mi. Kú ìrìn. Bàbá rẹ ńkọ́?" Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń bá sọ̀rọ̀.

Muheez, dírẹ́bà áńbúláǹsì, ló kọ́kọ́ lọ fi ọkọ̀ wọn géètì. Ó padà wá bá Olóyè, ó dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ ò lè jáde mọ́ o. A ti há."

Wọ́n tú iná pupa orí rẹ̀ kúrò. Kò lè jáde síbẹ̀. Ni Olóyè bá pe ìpàdé. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé ìdábùú náà sókè díẹ̀. Gbogbo ilé yíjú wò ó, ẹni náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Táyọ̀ ló gba ìpàdé náà là.

"Olóyè, bí ọmọ bá fẹ́ kí àgbà, kí ló ń ṣe? Ó ń tẹ orúnkún. Níbo ni orúnkún ọkọ̀? Táyà ni! Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, ọkọ̀ á kúnlẹ̀, á kọjá. Tó bá ti kọjá tán, kí fọganáísà tún un fẹ́."

Olóyè dìde, ó gbá a mọ́ra. Wọ́n dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan: ọkọ̀ funfun náà wọ́ lórí táyà tó ti di pẹlẹbẹ, ìdábùú ń ha á lórí, ó sì kọjá tìpá-tìkúùkù. Wọ́n tún un fẹ́, ó kúnlẹ̀ padà wọlé. Wọ́n wá gba fọganáísà kan síṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n fún un ní yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n pè é ní Olùdarí Afẹ́fẹ́.

"Ẹni tó ń rọbí á wá dúró kí wọ́n máa fẹ́ táyà?" Nọ́ọ̀sì Rebecca béèrè.

"Nọ́ọ̀sì," Olóyè dá a lóhùn, "ìkíni ò pa ẹnikẹ́ni rí."

Kọmíṣọ́nà dá ọjọ́. Obìnrin kan ni, láti Aláùsá, kì í rẹ́rìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tó ṣáájú kí ó tó dé, Olóyè rántí pé òun ò tíì ṣe ọ̀nà rárá. Ó ní kí wọ́n da ọ̀dà sí abẹ́ géètì àti iwájú rẹ̀ níwọ̀nba, ibi tí bàtà Kọmíṣọ́nà máa tẹ̀. Wọ́n dà á nípọn. Kò sí ẹni tó rò ó pé bí ilẹ̀ bá ga, géètì ti rẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Wọ́n tún yá ẹ̀rọ Olùdarí Afẹ́fẹ́, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fẹ́ bàlúùnù.

Nígbà tí oòrùn mú dáadáa ni bọ́ọ̀sì Kósítà tó gbé Kọmíṣọ́nà dé. Ó dúró níwájú géètì, torí kò lè wọlé. Wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ kánópì. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ na gbalaja sórí ẹní. Olóyè jáde nínú agbádá dámáàsì funfun tó ń tàn yòò, ó gba máíkì.

"Kọmíṣọ́nà wa ọ̀wọ́n! Oòrùn tó ń ràn lọ́sàn-án! Ẹ wo géètì yìí! Irin àti kọnkéré nìkan kọ́ ni, ìwà ọmọlúwàbí ni! Kò sí ọkọ̀ tó kọjá níbí tí kò..."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ fèrè áńbúláǹsì láti inú abúlé.

Omi orí ọmọ Àyọ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ni. Nọ́ọ̀sì Rebecca ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ya rìbọ́ọ̀nù, ó wọ́ tapọ́líìnì sílẹ̀, ó gbé Àyọ̀kẹ́ sínú ọkọ̀, Ẹ̀hìndé bọ́ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Muheez. Nígbà tí wọ́n yọ sí géètì, àwọn èrò rò pé ara ètò ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Muheez bọ́ sílẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ń kúnlẹ̀.

"Ẹ wò ó!" Olóyè ké sínú máíkì. "Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé!"

Muheez bọ́ sínú ọkọ̀, ó wọ abẹ́ géètì. Ọkọ̀ dé ìdajì, ó há. Ọ̀dà ti gbé e sókè. Kò lè lọ síwájú, ó gbìyànjú ẹ̀yìn, kò lè lọ sẹ́yìn. Òpó fún ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè ṣí, ṣùgbọ́n abúlé ló kọjú sí. Ọkọ̀ ti dí ọ̀nà pa, àbàtà tó mu ènìyàn dé àyà ló sì wà lọ́tùn-ún lósì. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé aboyún kọjá.

"Kí ló dé?" Kọmíṣọ́nà béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, mà," Táyọ̀ dáhùn. "Ìkíni ni. Ọkọ̀ ń kí yín."

Àyọ̀kẹ́ ké láti inú ọkọ̀, igbe tó bo ariwo èrò mọ́lẹ̀.

"Ìyẹn náà ń kí mi?" Kọmíṣọ́nà béèrè. Ó ti dìde.

Ẹ̀hìndé yọ orí jáde lójú wíńdò. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Muheez, tẹná! Wó o! Ọparun ni!"

"Kí lo wí?" Muheez béèrè.

"Ọparun ló wà nínú ẹ̀! Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo fi ọparun sí i, kò sí irin kankan níbẹ̀! Tẹná!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò tíì rí àgbàlagbà tó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Olóyè Àtàndá fò kúrò lórí pèpéle pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́, ó dé iwájú áńbúláǹsì, ó sì nà gbalaja sórí ọ̀dà, ikùn kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀. Irú ìdọ̀bálẹ̀ tó ti ń wá lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ gan-an ló ṣe.

"Muheez, bàbá mi! Mo bẹ̀ ọ́. Má wó o. Jẹ́ kí Kọmíṣọ́nà lọ ná. Tí wọ́n bá ti lọ, wó o! Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n lọ ná!"

Máíkì ò kú. Gbogbo ayé gbọ́, Kọmíṣọ́nà náà gbọ́.

Ìdààmú bá àwọn òṣìṣẹ́. Òfin ọ́fíìsì ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju Olóyè lọ nígbà gbogbo, ibo ló sì wá rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ? Akántáǹtì wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bóyá òun lè bọ́ sínú gọ́tà. Kò sí gọ́tà.

"Ẹ gbé ọkùnrin yẹn kúrò lọ́nà," Kọmíṣọ́nà ní.

Wọ́n fà á. Kò gbéra. Oòrùn ti yọ́ ọ̀dà tuntun náà, ó ti di dámáàsì mú. Wọ́n tún fà á, Olóyè yọ jáde láti inú agbádá, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹlẹbẹ, apá rẹ̀ méjèèjì nà lórí ọ̀dà. Òun fúnra rẹ̀ dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, àwọn ọmọdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí àwọn ìyá wọn tó bò wọ́n lẹ́nu.

Muheez tẹná. Ìdábùú náà sán gààrà, sìmẹ́ńtì já bọ́, ọparun yọ jáde, ó gbẹ, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́. Dókítà kọ́kọ́ já, Ẹnjiníà tẹ̀lé e, àwọn oyè yòókù dà lé ara wọn lórí. Áńbúláǹsì wọ́ jáde sódì kejì lórí irin wíìlì. Muheez ké pe fọganáísà. Fọganáísà dúró pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ òfìfo, ó ń wo àwọn bàlúùnù.

"Ẹ gbé obìnrin yẹn sínú ọkọ̀ mi," Kọmíṣọ́nà wí. Òun fúnra rẹ̀ ló di orí Àyọ̀kẹ́ mú títí wọ́n fi gbé e wọ inú Kósítà, Nọ́ọ̀sì Rebecca àti Ẹ̀hìndé sì wọlé tẹ̀lé e. Bọ́ọ̀sì náà yí padà, ó lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àyọ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ké, díẹ̀ tí Ẹ̀hìndé ò ní gbàgbé láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ké. Inú mi dùn, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ní ti Olóyè, orí fóònù ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i pé kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kò sí "ẹ kú iṣẹ́" níbẹ̀, kò sí "ẹ kú ilé". Wọ́n tú dẹ́kì Ìjànìkin, wọ́n rí irin, ẹjọ́ sì ń lọ lọ́wọ́. Táyọ̀ ti ń gbé báàgì fún ẹlòmíràn. Ẹ̀hìndé ni ó ṣe mí láàánú jù, nítorí àwọn ènìyàn ò fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un; wọ́n ń ní, "Ṣé ọlọ́parun nìyẹn?" Ó sọ ọ́ fún Àyọ̀kẹ́, ó retí pé á bá òun bú wọn.

"Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa," Àyọ̀kẹ́ ní, ó ń fún ọmọ lọ́mú. "Ẹ kọ́ èyí tí wọ́n á fi gbàgbé ẹ̀."

Ọ̀gá àgbà tuntun dé lásìkò òjò. Sherif lorúkọ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ó gbé fáìlì ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dání, ó sì ti ń wo òpó méjèèjì tó ṣẹ́kù lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń wọn nǹkan. Àwọn ará Etí-Àbàtà kí i dáadáa, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Àyọ̀kẹ́ ló mú máíkì lọ́wọ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá nawọ́ gba máíkì. Kò fún un.

"Ẹ má bínú sà. A ti ní òfin tuntun níbí. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà yìí, ó máa kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn áńbúláǹsì, kí Muheez gbé e dé Ìyánà-Ìbà, kó sì gbé e padà wá."

"Èmi? Ara mi le o."

"A mọ̀ sà. Ara tó le là ń wá."

Ọ̀gá wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ ń wo òjò. Ọ̀gá gòkè sínú áńbúláǹsì, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, Nọ́ọ̀sì Rebecca de bẹ́líìtì mọ́ ọn, Muheez sì tẹná. Wọ́n rì sínú kòtò àkọ́kọ́ kí wọ́n tó kúrò lójú wa. Gbogbo wa gbọ́ ohùn Ọ̀gá.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó padà dé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di ìbàdí mú, ẹrẹ̀ ti ta sí i lójú láti ìgbà tí ó bọ́ sílẹ̀ bá wọn ti ọkọ̀. Fáìlì ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àyọ̀kẹ́ na máíkì sí i, ó gbà á.

"Gọ́tà," ló wí. "Ta ló ní ṣọ́bìrì?"

Ó dá máíkì padà. Àyọ̀kẹ́ béèrè bóyá kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

"Mo ti sọ ọ́ tán, mà," ló dáhùn.